Fífi Pàǹtí Ilé Ṣe Rélùwéè Kékeré

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n eré tí ìṣirò wà nínú rẹ̀ ni. Kò sí ilé tí a kì í ti í da nǹkan nù lójoojúmọ́: páálí ọṣẹ ìfọyín, igi ìṣáná tí a ti ṣá, agolo mílíìkì, ìwé ìròyìn àná, bọ́tìnnì tí ó já bọ́ lára ẹ̀wù, ìgbálẹ̀ tí ó ti kúrú. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọmọ tí ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣe lè fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe rélùwéè kékeré tí ó ní ojú irin, ọkọ̀, ibùdókọ̀ àti òkè, lórí pákó kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò ti máa wí nínú ara wọn pé, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe ìwé ni ó yẹ kí ẹ ní kí ọmọ kà? Ta ni ó rán an lọ sí ìdí àkìtàn?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà tí ó lè ka ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́wàá lójú pátákó, tí kò sì mọ ohun tí a ń fi ìdá náà ṣe bí ó bá ti jáde kúrò nínú kíláàsì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tí ó di káfíńtà, yóò ba pákó oníbàárà jẹ́. Bí ó bá di télọ̀, aṣọ tí ó rán yóò há. Ìwọ̀n ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Páálí àti agolo tí a kàn tò jọ, pàǹtí ni wọ́n ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwọ̀n kan náà gé gbogbo wọn, wọn a di rélùwéè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ̀ ìṣeré àti rélùwéè kékeré. Ọkọ̀ ìṣeré lè rí bí ó bá ṣe wù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ga ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ti rélùwéè kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ni a dín kù ní ìdọ́gba. Bí kọ́ọ̀ṣì gidi kan bá gùn tó ènìyàn mẹ́jọ tí wọ́n dùbúlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kọ́ọ̀ṣì kékeré náà gbọ́dọ̀ gùn tó ènìyàn kékeré mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ mọ́kànlá.

Àwọn tí ń ṣe irú rélùwéè yìí tà kò fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣeré. Ní ọdún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì gbé rélùwéè kékeré kan lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yí i bí aago àtijọ́ kí ó tó máa rìn. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé wọ́n ti yan ìbú ojú irin tí wọn kò ní yí padà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ra ọkọ̀ lónìí lè ra irin kún un lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó sì bá a mu. Lóde òní, ìwọ̀n tí ó gbilẹ̀ jù ní àgbáyé ni ìdá kan nínú 87, ojú irin rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 16 ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú irin tiwọn kéré ju ti àwọn ará Yúróòpù yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é ní kékeré láyé ọjọ́un, ẹ̀rọ iná tí yóò máa fà á kò wọ inú rẹ̀. Wọ́n wá sọ ara ọkọ̀ di ńlá díẹ̀, ìdá kan nínú 76, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ ojú irin, wọ́n fi í sílẹ̀ ní mílímítà 16 ààbọ̀ náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ó yẹ kí ó tó nǹkan bí mílímítà 19. Títí di òní, bí ẹ bá wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti iwájú, ó dà bí ẹni tí ó sanra tí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀ dúró. Bí ìwọ̀n bá ti di méjì lára ohun kan, ojú yóò rí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Rélùwéè wo ni àwa yóò ṣe? Èyí tí ó kọjá lẹ́yìnkùlé wa ni. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó ní Èkó. Ní ọdún 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ní 1907 ó dé Òṣogbo, ní 1908 ó dé Ìlọrin. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, èyí tí í ṣe mílímítà 1,067. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n la òmíràn láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó gùn ní kìlómítà 157, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Èyí fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mílímítà 1,435 ni àlàfo tirẹ̀.

A óò dín tiwa kù sí ìdá kan nínú 70. Ọmọ tí ó bá gbọ́rọ̀ yóò béèrè pé, kí ló dé tí ó fi jẹ́ 70? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ mú páálí ọṣẹ ìfọyín ńlá, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Púpọ̀ nínú wọn gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, wọ́n sì fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 70, ẹ óò rí sẹ̀ǹtímítà 1,400, èyí tí í ṣe mítà 14. Ẹ sọ 4 di ìlọ́po 70, ẹ óò rí mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ wò ó! Ìwọ̀n kọ́ọ̀ṣì tí ènìyàn lè wọ̀ ni ẹ rí yẹn. Páálí ni ó yan ìwọ̀n fún wa. Bí páálí tiyín bá tóbi tàbí kéré ju èyí lọ, ẹ wá iye tí ó bá a mu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yàn án tán, ẹ má ṣe yà kúrò lórí rẹ̀.

Ní ìdá kan nínú 70, ènìyàn tí ó ga ní mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 75 di sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 10 di sẹ̀ǹtímítà 3. Àlàfo ojú irin àtijọ́ di sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀, ti tuntun sì di sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀.

Kí ọmọ má bàa máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe ìṣirò, kí ó ṣe rúlà rélùwéè fún ara rẹ̀. Mítà 7 lóde di sẹ̀ǹtímítà 10 lórí pákó wa. Nítorí náà, kí ó gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ó pín in sí ọ̀nà 7 tí ó dọ́gba. Báwo ni a ṣe ń pín 10 sí 7 láìsí wàhálà? Kí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ onílà rẹ̀. Kí ó gbé orí kan páálí náà lé ìlà kìíní, kí ó jẹ́ kí ó dagun títí orí kejì yóò fi bọ́ sórí ìlà kẹjọ. Ibikíbi tí ìlà bá ti kan páálí, kí ó sàmì sí i. Àmì wọ̀nyẹn ti pín in sí ọ̀nà 7 tí ó dọ́gba. Àlàfo kọ̀ọ̀kan dúró fún mítà kan. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí ó bá wọ̀n lóde ní mítà, yóò kàn fi rúlà yìí gé e ni.

Ẹnìkan lè ní òun fẹ́ ṣe gbogbo ọ̀nà láti Èkó dé Ìbàdàn. Ẹ pín kìlómítà 157 sí 70. Yóò ju kìlómítà 2 lọ! Pákó wo ni ó gùn tó bẹ́ẹ̀, yàrá ta ni yóò sì gbà á? Ìdí nìyí tí a fi ń yan ibì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a yan ibùdókọ̀ kékeré, irú ti Omi-Àdìó tí ó wà lẹ́bàá Ìbàdàn, nítorí pé ojú irin àtijọ́ gba ibẹ̀, ti tuntun náà sì ní ibùdókọ̀ níbẹ̀. Bí ibùdókọ̀ mìíràn bá sún mọ́ yín jù, òun ni kí ẹ lọ wò. Kí òbí mú ọmọ lọ, kí wọ́n dúró sórí pẹpẹ tí èrò ń dúró sí, kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ ka bí ó ti gùn tó, kí wọ́n wo bí ilẹ̀kùn ti ga tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú irin láti wọ̀n ọ́n. Mo ti sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín.

Ohun tí a óò tẹ́ nísàlẹ̀ ni ó kàn. Pákó tí ó gùn ní mítà 2, tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, ti tó. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ti wó yóò ṣe é. Bí kò bá sí pákó, ẹ gé páálí ńlá tí wọ́n fi ń kó ọjà, ẹ lẹ mẹ́ta mọ́ ara wọn. Kí ìlà inú ti àárín dábùú ti àwọn méjì yòókù, kí gbogbo rẹ̀ má bàa ká kò. Gọ́ọ̀mù tí a óò lò kò ná wa ní owó púpọ̀. Kí àgbàlagbà po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mọ́ omi tútù, kí ó sì rò ó lórí iná títí yóò fi ki, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Mítà 2 orí pákó yìí dúró fún mítà 140 lóde.

Ojú irin ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù. Igi ìṣáná tí a ti ṣá ni yóò jẹ́ ìdábùú tí irin sùn lé. Ẹ gé ibi tí ó jó kúrò, kí ó ku sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ tò wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí ara wọn. Mítà 2 yóò gba igi 200. Ilé tí wọ́n ń ṣá ìṣáná ní ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́ yóò kó 200 jọ ní ọjọ́ 25. Ilé tí wọn kò lo ìṣáná mọ́ lè bẹ ìyá alákàrà àdúgbò kí ó máa bá wọn tọ́jú tirẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni yóò jẹ́ irin. Ẹ ṣa àwọn tí wọ́n nípọn bákan náà, ní nǹkan bí mílímítà 2, kí ẹ fi ọ̀bẹ há wọn kí wọ́n dán. Mílímítà 2 ní ìlọ́po 70 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, irin gidi kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i ní gíga. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀nà tẹ̀ díẹ̀, ẹ rẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ náà sínú omi fún wákàtí kan, yóò gbọ́ràn. Kí àlàfo má bàa fẹ̀ níbì kan kí ó há níbòmíràn, ẹ gé igi kékeré kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀ géérégé. Ẹ máa tì í sáàárín ẹyọ méjèèjì bí ẹ ti ń lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè gidi náà ní ọ̀pá ìdíwọ̀n irú èyí, wọn kì í fi ojú lásán díwọ̀n. Bí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá gbẹ, ẹ ṣe ọ̀nà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí igi ìdábùú tirẹ̀ gùn díẹ̀ sí i. Ẹ óò rí ohun tí èyí yóò kọ́ wa láìpẹ́.

Ọkọ̀ wá kù. Ẹ tú ojú ibi tí wọ́n ti lẹ páálí ọṣẹ ìfọyín pọ̀, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tún un lẹ̀, kí orúkọ ọjà má bàa hàn. Ẹ wọ̀n fèrèsé, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìbú, kí ẹ sì fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó láti inú. Ẹ fi páálí mìíràn tí ẹ ti ká mọ́ ara ìgò ṣe òrùlé rẹ̀, yóò sì tẹ̀ kọrọdọ bí ó ti yẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹsẹ̀ ọkọ̀, gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe. Wọn a kó ìdérí ìgò ẹlẹ́ridòdò, wọn a fi ṣe ẹsẹ̀ fún agolo sadíìnì, wọn a so okùn mọ́ ọn, wọn a sì máa fà á káàkiri agbo ilé. Ó dára fún ọkọ̀ ìṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ìdérí náà: sẹ̀ǹtímítà 3 àti díẹ̀ ni. Ní ìlọ́po 70, ó ju mítà 2 lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó ga ju ọkùnrin gíga lọ! Bọ́tìnnì ẹ̀wù ni ó tọ́. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 12, èyí tí ó di sẹ̀ǹtímítà 84 ní ìlọ́po 70, ẹsẹ̀ kọ́ọ̀ṣì gidi kò sì jìnnà sí i.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo yóò máa yọ̀ kúrò lórí irin. Nítorí náà, ẹ lẹ bọ́tìnnì mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ mọ́ ọn ní apá inú. Èyí tí ó kéré yóò máa yí lórí irin, èyí tí ó tóbi yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin nínú lọ́hùn-ún, kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ yà. Bí a ṣe ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin gidi náà nìyí: ó ní ètè ní apá inú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti wọ ọkọ̀ ojú irin láìmọ̀ pé ètè yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yà kúrò lójú irin bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ yà. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, kí ẹ sì ti ẹyọ náà gba inú ọ̀pá bírò tí yíǹkì ti tán nínú rẹ̀, èyí tí ẹ ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Láti ojú ìta bọ́tìnnì ńlá kan dé ojú ìta èkejì, kí ó jẹ́ mílímítà 14, kí ó lè ní àyè díẹ̀ láàárín irin.

Nísinsìnyí, kí ọmọ gbé kọ́ọ̀ṣì yìí sórí ọ̀nà kejì, èyí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò já sí àárín irin méjèèjì, páálí yóò sì jókòó sílẹ̀. Láìjẹ́ pé tíṣà sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ ti mọ ìdí tí ọkọ̀ tí ń gba ojú irin ọdún 1901 kò fi lè gba ti ọdún 2021, tí ó fi jẹ́ pé ẹrù tí ó bá fẹ́ ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, sísọ̀ ni a óò sọ̀ ọ́, kí a tó tún un dì.

Ẹ fi páálí bàtà ṣe ilé ibùdókọ̀. Páànù rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí a bá bó awọ orí páálí ńlá, inú rẹ̀ rí kọlọ-kọlọ bíi páànù, ojú ẹni yóò sì fẹ́ lò ó. Ẹ wọ̀n ọ́n ná. Láti orí kan sí orí kejì lára páálí yẹn jẹ́ nǹkan bí mílímítà 7, èyí tí ó tó ìdajì mítà lóde. Ta ni ó rí irú páànù bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ mú bébà fàdákà tí ó bo ẹnu agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, kí ẹ tẹ́ ẹ lé òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ ara wọn, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Páànù kékeré nìyẹn, ìwọ̀n rẹ̀ sì pé.

Bákan náà ni ti igi. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn tí ó ti gbó, tí ẹ pa láró aláwọ̀ ewé, ṣe ewé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìrókò tí ó ga ní mítà 35 yóò di sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹni tí ó bá ṣe ìrókò tí kò ga ju òrùlé ibùdókọ̀ lọ, igi ata ni ó gbìn.

Ẹ fi ìwé ìròyìn tí ẹ rẹ sínú sítáàṣì ṣe òkè. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti fẹ́ kí ojú irin gun òkè lọ, kí ó tún sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì. Kí a jẹ́ kí ó gbìyànjú rẹ̀, yóò sì rí i pé kò rọrùn. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ gidi, irin sì ni ó ń gùn, wọn kì í di ara wọn mú púpọ̀. Nítorí náà, àwọn tí ń la ojú irin a máa wá ọ̀nà tí kò dagun jù. Bí wọ́n bá gbà kí ó ga ní mítà 1 nínú mítà 50, lórí pákó wa tí ó jẹ́ mítà 2, gbogbo ohun tí a lè gùn kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Etí òkun ni Èkó wà, Ìbàdàn sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 200. Ọkọ̀ kò lè fò gun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yíyí ni a ń yí òkè po, tàbí kí a gé e, tàbí kí a kó erùpẹ̀ dí àfonífojì. Ọmọ tí ó bá ti bá òkè ìwé ìròyìn jà yóò mọ ìdí tí ojú irin fi ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ níbi tí ojú ọ̀nà mọ́tò ti lọ tààrà.

Ìrìn ọkọ̀ ni ó kù. Ọwọ́ lè máa tì í. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti bàjẹ́ nílé lè bẹ àgbàlagbà kí ó yọ ẹ̀rọ kékeré tí ń yí téèpù nínú rẹ̀. Ẹ kàn án mọ́ ìpẹ̀kun pákó, ẹ so bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì mọ́ ọn. Ẹ so òwú ìránṣọ mọ́ ọkọ̀, kí ẹ wé orí kejì òwú náà mọ́ ọ̀pá tín-ín-rín ẹ̀rọ náà. Ẹ má ṣe wé e mọ́ ohun tí ó nípọn, kí ó má bàa sáré jù. Eré náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọkọ̀ gidi tí ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ mítà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 70, ẹ óò rí mítà 14 àti díẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ọkọ̀ wa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 láti orí pákó dé ìdí rẹ̀. Èyí tí ó bá dé kíá kí a tó ṣẹ́jú, ọta ìbọn ni, kì í ṣe ọkọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Etí agolo tí a gé mú ju abẹ lọ. Àgbàlagbà ni kí ó máa gé e, kí ó sì ká etí rẹ̀ wọlé kí ó tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so wáyà eré yìí mọ́ iná ara ògiri, nítorí pípa ni í pa ènìyàn. Kí a má sì ṣe lo bátìrì inú fóònù, nítorí bí nǹkan bá gún un, ó lè gbiná. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó fún wa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tọrọ kí ẹ tó mú. Páálí tí ìyá fi ń kó ẹ̀gúsí sí kì í ṣe pàǹtí, ìgbálẹ̀ tí a ń fi gbálẹ̀ láàárọ̀ kì í sì í ṣe irin rélùwéè. Àgbà ni ó mọ àkísà ilé, nítorí bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

N kò ní tàn yín. Rélùwéè yìí kò ní dán bí èyí tí a rà lọ́jà. Ní ìgbà òjò, páálí lè wú. Aáyán fẹ́ràn sítáàṣì, nítorí náà ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n rélùwéè tí a rà ti parí kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ẹlòmíràn ni ó ti wọ̀n ọ́n, ẹlòmíràn ni ó ti rò ó. Bí ó bá bàjẹ́, ọmọ yóò sunkún. Bí tiwa bá bàjẹ́, ọmọ yóò tún un ṣe, nítorí pé ó mọ ibi tí gbogbo egungun rẹ̀ wà. Ọmọ aláìní sì lè ṣe é, kò ní láti dúró de ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Èkó, tàbí tí ó bá ń kọjá níbẹ̀, lè béèrè ọ̀nà ilé kan tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹgbẹ́ Legacy sì ti tún un ṣe. Ilé tí ó ti rí gbogbo ìrìn rélùwéè wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí páálí àti igi ìṣáná lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má tíì jágbe mọ́ ọn. Ẹ bi í pé, "Ìdá mélòó ni?" Bí ó bá dá yín lóhùn pé, "Ìdá kan nínú àádọ́rin ni, Bàbá, ẹ sì wo rúlà mi," ẹ wá àga, kí ẹ jókòó tì í. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ẹ bá a gé agolo, kí ó bá yín lẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì mẹ́jọ fún kọ́ọ̀ṣì kan ni mo wí, ẹ má gbàgbé.